Oòrùn Tí Bàbá Rẹ Yá

Ìdí-Àràbà, Surulere,
Èkó.
Ọjọ́ Sátidé, ọ̀sán.

Tiwalọlá, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Mo lérò pé ara rẹ le, pé iṣẹ́ ń lọ déédéé, àti pé otútù Jos kò tíì mú ọ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwa náà wà láàyè níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ara mi yá. Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo fẹ́ kọ, ìdí sì nìyẹn tí mo fi mú bíírò dípò kí n pè ọ́. Ìwọ náà mọ ilé wa. Bí mo bá ń bá ọ sọ̀rọ̀ nínú yàrá, bàbá rẹ á máa gbọ́ ọ ní pálọ̀. Bí mo bá bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyá Lubabah tó wà ní yàrá kejì á rántí lójijì pé òun fẹ́ gbálẹ̀ ibẹ̀.

Mo mọ̀ pé bàbá rẹ ti pè ọ́, ó sì ti sọ fún ọ pé èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sọ èyí tó ṣáájú fún ọ, mi ò sì rò pé ó máa sọ ọ́. Nítorí náà, jókòó, kí o ka lẹ́tà yìí tán kí o tó bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Má sì bínú pé “ó, ó” ni mo ń pe bàbá rẹ níbí. Bí mo bá ń kọ “wọ́n, wọ́n,” o ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti bàbá rẹ àti èyí tó jẹ́ ti àwọn ará ilé-ìwé.

Lẹ́yìn Àjíǹde ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti fẹ̀yìn tì ló ti ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé-ìwé Àǹtí Adéfúnmiláyọ̀ ní Àgùdà, gbogbo àwọn ìyá ọmọ ló sì fọkàn tán an. Lójijì ni ẹni tí kì í gbàgbé nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé. Ó gbé ọmọ kan kọjá ilé wọn, ọmọ náà ti sunkún dé Mushin kó tó fura. Ó bu iyọ̀ sí tíì. Ó ń kanra mọ́ mi lórí ohun tí kò tó nǹkan, bí mo bá sì dáhùn, á ní mo ń pariwo. Lọ́jọ́ kan, òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti lọ. Mo pè é, ó ní òun ń ronú ni. Èmi tí mo ti ń wo ìrònú rẹ̀ láti ìgbà tí a kò tíì bí ọ, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìrònú.

Ìfura loògùn àgbà, mo sì lò ó dáadáa. Ọtí ni mo kọ́kọ́ fura sí. Bó bá ti wọlé, mo máa ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, kí n lè gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀. Obì nìkan ni mo gbọ́, obì tí kì í jẹ tẹ́lẹ̀. Mo wá kúrò lórí ọtí, mo bọ́ sórí àwọn ará ilé wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí wọn kò tíì yanjú láàárín ara wọn. O mọ bí bàbá rẹ ṣe máa ń hanrun. Láàárín híhanrun náà, ohùn á dédé dákẹ́, bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, lẹ́yìn náà á mí kanlẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé àwọn ni wọ́n ń bá a jà lójú oorun. Mo ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù lé e lórí, mo ń da òróró àdúrà sí ìrọ̀rí rẹ̀, mo tilẹ̀ yọ nọ́ńbà àbúrò rẹ̀ kan kúrò nínú fóònù rẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé oorun náà gan-an ló ní àléébù. Ẹni tó ń hanrun tí àwọn ará ilé kejì ń gbọ́, ta ló máa sọ pé kò sùn?

Nígbà tó pọ̀ jù, mo fà á lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọ Kàlàbá ni dókítà ibẹ̀, ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ ni, èmi fúnra mi ni mo sì ní kó máa fi Yorùbá bá wa sọ̀rọ̀, torí òyìnbó rẹ̀ yá jù fún mi. Ọ̀rọ̀ wa yé e, kí a má purọ́. Ohùn ni kì í gbé síbi tó yẹ. Níbi tí ohùn wa ti máa ń tẹ́jú ni tirẹ̀ ti máa ń lọ sísàlẹ̀. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá rẹ, ó ní ó ga. Ó béèrè èyí, ó béèrè tọ̀hún, ó kọ oògùn, ó wá kọjú sí mi.

“Mọ́mì,” ó ní, “oòrùn Bàbá kò tó rárá. Kí wọ́n máa rí oòrùn dáadáa, pàápàá lọ́sàn-án tí wọn ò bá níṣẹ́.”

Oòrùn ni mo gbọ́. Oòrùn ni bàbá rẹ náà gbọ́. Kò sì ṣòro fún mi láti gbà á, torí inú bọ́ọ̀sì ló ń wà láràárọ̀, abẹ́ òrùlé ló sì ń bọ́ sí bó bá délé. Mo tún ti gbọ́ ọ rí lórí rédíò pé oòrùn máa ń fún egungun lókun. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti já àwọn ọmọ sílé-ìwé, ilé ló máa ń wá, á nà gbalaja sórí àga gígùn pálọ̀ títí aago tó máa padà lọ kó wọn á fi tó. Láti ọjọ́ yẹn mo gba àga náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé bẹ́ǹṣì sí àgbàlá, mo ní kó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì kó jókòó. Èmi náà gbé máṣíìnì ìránṣọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti máa ṣọ́ ọ. Bí orí rẹ̀ bá ti ń tẹ̀, màá pariwo sí i pé, “Ẹ jí o, oòrùn ni wọ́n ní kí ẹ yá, wọn ò ní kí ẹ sùn.” Ìyá Lubabah á máa rẹ́rìn-ín lẹ́yìn aṣọ tó ń sá. Bàbá rẹ ò bá mi jiyàn. Ó kàn ń dúdú sí i ni, ojú rẹ̀ sì ń pọ́n.

Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ti Rùkáyàt. Òun ni àǹtí tó máa ń jókòó ti bàbá rẹ nínú bọ́ọ̀sì, tó máa ń mú àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ọmọ Mushin ni, kò tíì lọ́kọ, ẹnu rẹ̀ mú. Wọ́n ní òun àti bàbá rẹ kì í dákẹ́ láti ibi tí wọ́n bá ti gbéra, pé ó máa ń gbé fíláàsì kọfí wá fún un láràárọ̀. Mo fi pamọ́ sínú. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ó wá di ọjọ́ kan tí mo lọ ra òwú ní Ojúẹlẹ́gba, bọ́ọ̀sì náà sì dúró sí iwájú mi gan-an. Mo fi ojú ara mi rí i, Tiwa. Ọmọbìnrin náà da omi sórí aṣọ ìnujú, ó fún omi rẹ̀ sílẹ̀, ó fi nu ojú ọkọ mi, ó fi nu ọrùn rẹ̀. Àwọn ọmọ ń kọrin lẹ́yìn. Bàbá rẹ jókòó jẹ́jẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀.

Mi ò ra òwú mọ́. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Adéfúnmiláyọ̀ ni mo gbà lọ. Mi ò pariwo, mi ò sì ké. Mo fọgbọ́n sọ ọ́, mo ní nítorí orúkọ ilé-ìwé ni mo ṣe wá, pé àwọn òbí ń wò, pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹni tó ni ilé-ìwé kì í fẹ́ àbùkù. Ó gbé Rùkáyàt lọ sí bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìwáyà, ó sì fi ẹlòmíràn sí ti bàbá rẹ, ọ̀kan tó máa ń jókòó sẹ́yìn pátápátá tó ń tẹ fóònù. Mo padà sílé, mo se ìrẹsì, mo jẹ ẹ́ dáadáa. Inú mi dùn, mi ò ní tàn ọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ọ̀rọ̀ Costain fi ṣẹlẹ̀. Bàbá rẹ ń kó àwọn ọmọ lọ sílé nírọ̀lẹ́, bọ́ọ̀sì kún. Wọ́n ní kò sí ọkọ̀ kankan tó dínà fún un. Ó kàn ń yà kúrò lójú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀ ni, títí ó fi lọ gun kọnkéré tó wà láàárín títì. Ọlọ́run ló kó wọn yọ. Ọmọ kékeré kan tó ń jẹ́ Aminullah fi ẹnu gbá àga iwájú rẹ̀, ètè rẹ̀ là, wọ́n sì ní láti rán an. Àwọn yòókù sunkún, wọn ò ṣèṣe. Bàbá rẹ sọ fún Àǹtí Adéfúnmiláyọ̀ pé búrẹ́kì ló já. Wọ́n pe mẹkáníìkì, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó jáde, ó ní lóòótọ́ búrẹ́kì náà kò dára. Mẹkáníìkì wo ni wọ́n máa ní kó yẹ búrẹ́kì wò ní Èkó yìí, tó máa ní kò sí ohun tó ṣe é? Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n kí bàbá rẹ kú ewu, wọ́n ní kó lọ sinmi, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Èmi tí mo ń fura sí gbogbo ayé, mo gba ọ̀rọ̀ búrẹ́kì yẹn bó ṣe wá.

Nígbà tó di Sátidé, Rùkáyàt ló kan ilẹ̀kùn. Ó gbé ọsàn dání. Mo gba ọsàn náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sílẹ̀ síbi tí ojú mi á ti máa tó o, mi ò sì fi lọ ẹnikẹ́ni nínú ilé. Bàbá rẹ kò sí nílé. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, kò sì dìde nígbà tí mo ní kó dìde.

“Mọ́mì, mi ò wá bá yín jà,” ó ní. “Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n yọ mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ búrẹ́kì kọ́ o. Dádì sùn ni.”

Ó ní ó ti pẹ́ tí bàbá rẹ ti ń sùn nídìí ọkọ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ rí i, bàbá rẹ fi Ọlọ́run bẹ òun pé kí òun má sọ ọ́ síta, torí wọ́n máa lé e dànù. Ìdí kọfí nìyẹn. Ìdí aṣọ tútù nìyẹn. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ pé bí òun bá ti nawọ́ sókè, kí wọ́n dá orin. Bí ọmọ bá ti dín kù nínú ọkọ̀ tí orin ò lágbára mọ́, á máa bá bàbá rẹ jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù. Ó ní inú bíbí kì í jẹ́ kí Dádì sùn. Mo wo ojú rẹ̀ bóyá màá rí èké níbẹ̀. Mo yí ìbéèrè náà po, mo gbé e wá láti ẹ̀yìn, mo tún gbé e wá láti ẹ̀gbẹ́. Èsì rẹ̀ kò yí padà.

“Tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ yẹn jáde lọ́jọ́ Mọ́ńdè,” ó ní, “ọmọ olómọ ni, Mọ́mì.”

Mi ò sọ fún bàbá rẹ pé ẹnikẹ́ni wá. Nígbà tó wọlé, mo ní ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wò. Dókítà béèrè bóyá a ti ń ṣe ohun tí òun wí. Mo fi gbogbo ẹnu dáhùn pé a ń ṣe é lójoojúmọ́, pé ó ń yá a títí òógùn á fi máa kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Ó wo bàbá rẹ, ó wò mí. Ó ní òógùn ti jẹ́? Mo nawọ́ sí fèrèsé, mo fi oòrùn hàn án lókè. Ọmọbìnrin náà pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, ó sì di ojú.

Oorun ló ń wí, kì í ṣe oòrùn. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí ju ìtìjú náà lọ. Àsìkò kan ṣoṣo tí ọkùnrin yìí ń rí sinmi nínú ọjọ́, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo ń pariwo lé e lórí láti ojú fèrèsé.

Ọmọbìnrin náà kò fi Yorùbá rẹ̀ wewu mọ́, ó pe nọ́ọ̀sì ọmọ Ìjẹ̀bú kan kó máa túmọ̀ fún un. Wọ́n ní híhanrun tí mo ń gbọ́ kì í ṣe oorun àsùnwọra. Bí bàbá rẹ bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á dí, èémí á dúró. Ọpọlọ á ta jí láti gbà á là, á mí, á tún dí. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe títí ilẹ̀ á fi mọ́, kò sì ní mọ̀ pé òun jí rárá. Wọ́n ní ojú oorun ni ọpọlọ ti máa ń to gbogbo ohun tó rí lójúmọ́ sí ààyè wọn, ibẹ̀ náà ni ọkàn ti ń sinmi tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń wálẹ̀. Ẹni tí oorun rẹ̀ kò bá denú, á máa gbàgbé, á máa kanra, bó bá sì jókòó sójú kan, ọpọlọ rẹ̀ á sùn lọ fún ìṣẹ́jú akàn láìtọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ wakọ̀. Wọ́n kọ̀wé fún wa láti lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ọn láti wo bó ṣe ń mí. Kó tó dìgbà yẹn, kó máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sùn, kí n sì rán bọ́ọ̀lù kékeré mọ́ ẹ̀yìn síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kó má baà lè fẹ̀yìn lélẹ̀.

Bí a ti ń padà sílé, mo sọ fún un pé mo ti mọ̀ pé búrẹ́kì kọ́. Ó dúró lẹ́bàá gọ́tà. Ó ní ta ló máa gbé ọkọ̀ fún awakọ̀ tó ń sùn? Ó ní kí n jẹ́ kí òun máa wà á títí wọ́n á fi ṣe àyẹ̀wò náà, pé òun á máa jẹ obì, pé òun á máa la ojú.

“Màmá Tiwa,” ó ní, “bí o bá sọ ọ́, o ti bọ́ mi láṣọ lójú ọjà.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. O mọ bó ṣe máa ń lọ aṣọ kí ó tó lọ wa bọ́ọ̀sì, bí ẹni tó ń lọ báńkì. Mo fẹ́ gbà fún un. Lọ́jọ́ kejì, a wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ìjọ dìde láti kọrin, òun náà dìde. Mo yíjú sí i. Ó sùn lórí ìdúró, ìwé orin wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ rẹ̀, ohùn gbogbo ìjọ kò jí i. Mo rántí ohun tí Rùkáyàt sọ nípa orin àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ náà sì parí nínú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, bó ṣe wọ ilé ìwẹ̀ báyìí, èmi ti bọ́ sójú títì. Mo sọ fún Àǹtí Adéfúnmiláyọ̀ pé búrẹ́kì kọ́, ọkọ mi sùn ni. Mo sọ fún un pé irọ́ ni ohun tí mo sọ nípa Rùkáyàt, pé bí kò bá sí ọmọbìnrin yẹn, ọ̀rọ̀ òkú ọmọ la ò bá máa sọ. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹnu géètì ni wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ, kó tó gbé ọkọ̀ jáde lọ kó àwọn ọmọ. Ó rí mi níbi tí mo dúró sí. Rùkáyàt ló kúrò nídìí bọ́ọ̀sì Ìwáyà wá gba báàgì rẹ̀ fún un láti inú ọkọ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò bá mi sọ̀rọ̀. Bọ̀ọ̀lì lójú títì ló ń jẹ. Àwọn àgbà ìjọ ti wá bẹ̀ mí wò, wọ́n ní obìnrin kì í tú àṣírí ọkọ rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ọmọ ta ni nínú wọn ló ń gun bọ́ọ̀sì náà, wọ́n mu omi, wọ́n lọ. Bó bá di ọ̀la, màá tún sọ ọ́. Mo ṣì ń ṣọ́ ọ. Bí ohùn rẹ̀ bá ti dákẹ́ lójú oorun, màá fi ìgbọ̀nwọ́ gún un, á sì mí. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún wa nílé ìwòsàn ńlá, mi ò sì mọ̀ bóyá ó máa gbà láti bá mi lọ.

Mo rán bọ́ọ̀lù mọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì náà, mo fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo rò pé ó máa fà á ya. Lánàá, mo wà nídìí máṣíìnì, ó wá dúró tì mí. Ó gbé síńgílẹ́ẹ̀tì náà lé orí aṣọ tí mo ń rán lọ́wọ́. Òwú rẹ̀ ti já, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rán an lójú rẹ̀, mo rán an lé ara wọn kó le dáadáa. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó wọ̀ ọ́ níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó sì lọ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ sórí àga gígùn. Mo dìde, mo fa aṣọ fèrèsé, kí oòrùn má baà dé ojú rẹ̀.

Ọmọ mi, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi kò dé. O ò ní sùn kí o má jí, o ò sì ní jí kí o máa wá oorun kiri. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní gba ara rẹ lọ́wọ́ rẹ. Bí bàbá rẹ bá tún pè ọ́, má gbèjà mi, má sì bá a dá mi lẹ́bi. Ṣáà bẹ̀ ẹ́ kó lọ fún àyẹ̀wò náà.

Èmi ni ìyá rẹ tí kì í yé fura, tí ìfẹ́ rẹ kò sì fìgbà kan kúrò lọ́kàn rẹ̀,

Christianah.

Mo tún rántí: nígbà tí o pè mí kẹ́yìn, mo gbọ́ tí o yán, o tún yán kí n tó dágbére fún ọ, o sì ní kò rẹ̀ ọ́. Má parọ́ fún mi. Jael ọmọ pásítọ̀ wa ló mú lẹ́tà yìí wá. Mo ti ní kó wo ojú rẹ dáadáa nígbà tó bá ń fà á lé ọ lọ́wọ́, kó sì wá jábọ̀ fún mi.